Aṣọ Tí Àjèjì Ti Fọ̀

Ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò sọ bí a ṣe ń mọ ìyàtọ̀ nígbà tó bá jẹ́ omi ló gbé ọmọ náà lọ, nítorí omi kì í ròyìn.

Delfina Pichizaca gbé ọwọ́ lé ògiri Tẹ́ńpìlì Oòrùn ní Ingapirca, ó ń fi ibi tí òkúta méjì ti pàdé láìsí ohunkóhun láàárín wọn han àwọn àlejò, nígbà tó tún gbọ́ ọ. Bàtà ni. Bàtà aláwọ tó ní irin nídìí, tó ń rọra tẹ òkúta lẹ́yìn ògiri, kò, kò, kò, bí ẹni tó ń wá ohun tó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Delfina dákẹ́. Bàtà náà dákẹ́. Ó tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àwọn Inca, àwọn ará ìgbàanì tó mọ ògiri náà, bàtà náà sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àlejò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti erékùṣù Galápagos dé ni. Bí àwọn tó ń kó wọn kiri ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọn a kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn yí òkun ká láàárín ẹranko, lẹ́yìn náà wọn a kó wọn gun òkè wá wo òkúta àwọn ará ìgbàanì. Imú wọn ṣì ń bó nítorí oòrùn òkun. Ọ̀rọ̀ kìnnìún òkun ló kún ẹnu wọn, àti ti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ búlúù tó ń jó fún aya rẹ̀, àti ti ìjàpá tó tóbi ju àga lọ. Delfina ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ̀ pé orí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Belisario, ọkọ rẹ̀, ti ṣiṣẹ́, pé òun ló ń fi ọkọ̀ rọ́bà kékeré gbé àlejò láti inú ọkọ̀ ńlá lọ sí etí erékùṣù, títí di ìrọ̀lẹ́ tí àlejò kan yọ̀ ṣubú lórí àpáta. Belisario bẹ́ sómi, ó ti ọkùnrin náà sókè, ìgbì sì gba òun alára lọ. Wọn kò rí òkú rẹ̀.

"Ṣé tiyín ni ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé wa bọ̀?" ìyá àgbà kan nínú àwọn àlejò bi í. "Ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́yìn wa. Kí ló dé tí kò sún mọ́ wa?"

"Ọkùnrin wo, Ìyá?"

"Mi ò rí ojú ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mò ń gbọ́."

Orí Delfina wú. Títí di ìgbà náà ó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ etí òun nìkan ló ń dún.

Ní gbogbo ilẹ̀ Cañar, kò sí ọmọ tó gbọ́njú tí kò mọ ohun tí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá kú gbọ́dọ̀ padà lọ ṣa ipasẹ̀ rẹ̀ jọ níbi gbogbo tó ti rìn láyé, bí obìnrin ti ń ṣa àgbàdo tó dà sílẹ̀, kó tó lè lọ sinmi. Àwọn ará ilé ló ń tú u sílẹ̀. Bó bá di ọjọ́ karùn-ún, wọn a kó aṣọ rẹ̀ lọ sódò, àna wọn a fọ̀ ọ́, omi a sì gbé làálàá ayé rẹ̀ lọ. Belisario ti fi bàtà onírin rẹ̀ tẹ òkúta Ingapirca yìí fún ọdún pípẹ́ kó tó lọ sí òkun. Ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún nínú ọkọ̀, ìyá rẹ̀, Mama Balbina, sì ti búra pé a kì í gbé aṣọ ẹni tó wà láàyè lọ sódò. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ báyìí, Delfina mọ̀ pé òun kò ní lè wọ àárín òkúta wọ̀nyí mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń bọ́ ilé wà. Èyí tó tiẹ̀ ń dùn ún jù ni ọkọ rẹ̀, tó ń rìn tí kò rí ibi jókòó.

Kùrukùru ti ń gòkè bọ̀ láti àfonífojì. Nígbà tó yíjú padà, ó rí ọkùnrin kan tó ti inú rẹ̀ yọ, àpò Belisario ní èjìká, àpò pupa tí Delfina fúnra rẹ̀ hun. Ó di ògiri mú.

"Belisario," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

Ọkùnrin náà dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Jacinto Mero ni mí, láti inú ọkọ̀. Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ta ló kó gbogbo afẹ́fẹ́ orí òkè yín lọ?"

Delfina wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà aṣọ pẹlẹbẹ tí àwọn ará etíkun ń wọ̀ ló wà níbẹ̀, irú èyí tí kì í dún rárá.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó mú Jacinto wálé. Mama Balbina jókòó nídìí ààrò, ó ń bó èèpo àgbàdo sísè. Ó wo àlejò náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta ni ẹja yìí tí wọ́n gbé gun òkè?"

"Mama, ọ̀rẹ́ Belisario ni. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà."

Jacinto ṣí fìlà. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá. Ó máa ń sọ̀rọ̀ yín. Ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè di irun òun kó má tú."

"Bí ọkùnrin wa ti ń dirun nìyẹn. Ṣé ẹ ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀?"

"A ṣe é díẹ̀, Ìyá. Ìrù ẹṣin là ń pè é. Ìgbà tó gbé mi jù sómi tèmi ti bàtà níjọ́ kan ni mo tó ń pè é lórúkọ ẹ̀."

Mama Balbina rẹ́rìn-ín. Delfina kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí ìròyìn náà ti dé. "Jókòó," ó ní. "Fi àgbàdo sẹ́nu."

Delfina tú àpò náà. Wọ́n ti ká gbogbo aṣọ Belisario létòlétò, òórùn ọṣẹ sì gba inú ilé. Mama Balbina fa ẹ̀wù kan yọ, ó gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ tàn bí ìgbà tí a ṣí fèrèsé.

"Ó mọ́. Delfina, gbóòórùn ẹ̀. Òkú kì í fọṣọ. Ṣé mi ò sọ fún ọ? Ọmọ ayékòótọ́ ni wá, ọmọ ẹyẹ tó bà sórí òkè nígbà tí omi bo gbogbo ayé. Ìkún omi ò pa baba ńlá wa, ṣé ìgbì kan ṣoṣo ló máa wá pa ọmọ mi? Ó fọṣọ ẹ̀. Ó ń múra àtibọ̀ ni."

Jacinto gbé àwo sílẹ̀. "Ìyá, èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Iná ta nínú ààrò.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í gbé aṣọ ìdọ̀tí ọmọ lé ìyá ẹ̀ lọ́wọ́. Oore ni mo pè é."

"Oore," Mama Balbina ní. "Òógùn ọmọ mi ló kù fún mi láyé, o fi ọṣẹ lé e lọ. Èyí tó yẹ kí odò wa gbé, o dà á sómi iyọ̀."

Delfina gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó gbà pé ọmọ òun ń bọ̀ kì í ṣọ̀fọ̀ òógùn rẹ̀. Ó yíjú sí Jacinto. "Létí odò la ti ń fọ aṣọ òkú níbí. Àna ló ń fọ̀ ọ́, ọkọ ọmọbìnrin ilé, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni."

Jacinto ká ọwọ́ lérí. "Mi ò mọ̀, ìyàwó wa. Mo fẹ́ kó sinmi ni."

"Kó sinmi kúrò nínú kí ni?"

Ó wo ilẹ̀kùn kó tó dáhùn. "Ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ń rìn lórí pákó ọkọ̀. Á lọ síbi ọkọ̀ rọ́bà, á tún padà. Ọ̀gá wa ní afẹ́fẹ́ ni. Alásè gbàdúrà títí ohùn ẹ̀ há. Mo wá rò pé aṣọ tó ṣì kọ́ síbẹ̀ ni kò jẹ́ kó lọ. Mo fọ gbogbo ẹ̀, mo sá a sẹ́yìn ọkọ̀. Àtìgbà náà la ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ."

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni Delfina kọ́kọ́ gbọ́ bàtà lẹ́yìn ògiri. Ó sọ ọ́ jáde báyìí, ó rọra sọ ọ́, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Mama, ó ti ṣa ipasẹ̀ ti orí omi tán. Ó ti dé ilé. Tibí ló ń ṣa."

Lórí òkúta àgbàlá, níta, ó dún: kò, kò, kò. Jacinto fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Mama Balbina kò tilẹ̀ yíjú.

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn fún un, kì í wọlé. Mo rò pé tí mi ò bá sọ fún ẹnì kan, kò ní lọ."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́, Mama."

"Mo mọ̀." Ó gbé ẹ̀wù náà lé orí itan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. "Belisario, onírun gígùn, ọmọ ayékòótọ́, ọkùnrin tó fi ara rẹ̀ rọ́pò àlejò nínú omi. Ọlọ́run tó ni òkè ló ni òkun. Kó gbà ọ́ níbi tó bá ti rí ọ."

Bàtà náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mama Balbina ń fi ìka ka àwọn ará ilé.

"Ọkọ ọmọbìnrin mi wà ní New York, ó ń kọ́lé fún àwọn ẹlòmíì. Kò sí àna nílé." Ó wo ọwọ́ Jacinto tí iyọ̀ òkun ti là yánnayànna. "Ọwọ́ tó ti ki aṣọ ẹ̀ bọ omi kì í ṣe ọwọ́ àjèjì mọ́."

"Ìyá, mi ò mọ àṣà yín. Tí mo bá tún ṣì í ṣe ńkọ́?"

"Delfina á máa sọ fún ọ. Odò wa tutù, á bu ọ́ jẹ." Ó ká ẹ̀wù náà, ó nà án sí i. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má tíì lọ lọ́la. Bá wa tún un fọ̀."