Ẹ̀yìn Fúnmilọ́lá

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, ọdún 1954, Rónkẹ́ ọmọ wa kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ibà ni. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló kú sí, lójú ọ̀nà Adó, kí a tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Ní Ìkẹ́rẹ́ ìlú wa, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Àlàbí àbúrò mi gba òkú náà lọ́wọ́ wa, ó lọ sin ín, a kò sì béèrè ibẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ní kí Fúnmilọ́lá ìyàwó mi má sunkún, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lè dúró. Kò sunkún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló tẹ̀.

Ó ń rìn bí ẹni tó pọn ọmọ. Kò lè nàró. Ikùn ló fi ń sùn. Dókítà tẹ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ títí, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn aládùúgbò ní ó ń díbọ́n. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá, oúnjẹ kò wọ ẹnu rẹ̀ mọ́, egungun ejìká rẹ̀ sì ti yọ. Ẹ̀rù bà mí pé yóò tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bi í pé, “Ibo ló ń dùn ọ́ gan-an?”

“Kò dùn mí, Tíṣà. Ó wúwo ni.”

“Kí ló wúwo?”

Ó wò mí. “N kò mọ ibi tí n óo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí.”

Ní òwúrọ̀, mo bá Àlàbí lóko níbi tó ti ń la kòkó. Mo ní kó mú wa lọ síbi tó sin ọmọ náà sí. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin tí ẹ nà mí nítorí mo súfèé ní ṣọ́ọ̀ṣì? Kí ni àwọn àgbà yóò wí?”

“Kí wọ́n wá wí i fún mi.”

“Ojú yín le ju òkúta Olósùnta lọ.”

“Ó le. Bọ́ síwájú.”

Ìdí igi obì kan ló mú èmi àti Fúnmilọ́lá lọ. Àlàbí nawọ́ sí i, ó sì yíjú kúrò. Fúnmilọ́lá kúnlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ibẹ̀. Ó mú ọwọ́ wá sí àyà, ó tú ọ̀já tí kò sí níbẹ̀, ó sì rọra fi ẹ̀yìn lélẹ̀ bí ìyá tí kò fẹ́ kí ọmọ jí. Lẹ́yìn náà ni ẹkún dé. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Mo jókòó tì í.

Ẹ̀yìn rẹ̀ kò nà tán lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà bọ̀ wálé, ó gbé orí sókè, ó bi mí bóyá iṣu ṣì wà nínú àká.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí a kó ẹrù ọmọ náà jáde. Ohun tí Rónkẹ́ fi sílẹ̀ nìyí: búláùsì pupa kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, agolo mílíìkì tó fi ń se ọbẹ̀ iyanrìn, bàtà ẹsẹ̀ òsì, ìyá rẹ̀, èmi.