Íńṣì Kan Ààbọ̀

Nínú gbogbo oníbàárà tí obìnrin aránṣọ kan ní, kò sí èyí tó ń fún un ní wàhálà tó ìyá rẹ̀. Bó bá fi kọ́là sáṣọ, màmá á ní ó ń fún òun lọ́rùn. Bó bá yọ ọ́, màmá á ní ọrùn ń tutù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá, kò sì tíì bọ́ lára ẹ̀ kó máa sàmì sí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Lọ́jọ́ tó wá wọ gáùn tuntun wò, gáùn náà ń wọ́ nílẹ̀. Ẹnu ya ọmọ. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló fi gé e, kò sì ṣì í gé. Ó ní kí màmá bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, ó wá tún un wọ̀n láti èjìká dé ilẹ̀. Ó ti fi íńṣì kan ààbọ̀ dín.

"Màámi, ẹ ti kúrú o."

"Kúrú bàbá ẹ! Téèpù ẹ ló ti gbó."

Ọmọ já téèpù tuntun nínú páálí. Bákan náà ni.

"Ó dáa, a jẹ́ pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ ló ga sókè."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá fẹ́ dìde lórí àga, ó di ìbàdí mú, ó fún ojú pọ̀, ni ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu ọmọ. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń ro màmá, tí wọ́n ń dá bẹ́ẹ̀dì lẹ́bi. Aránṣọ wá rántí ìyá màmá, tó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán, tí kò sì dìde mọ́ títí tó fi kú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú màmá lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń yẹ egungun wò, ó ní àyẹ̀wò náà kì í dunni.

"Ṣé inú ihò lẹ máa tì mí sí ni?" Màmá ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé.

"Rárá, Mọ́mì," obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ dá a lóhùn. "Ẹ kàn máa dùbúlẹ̀ síbí, apá ẹ̀rọ yìí á rọra kọjá lókè yín. Ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń sùn."

Aránṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń wo bí egungun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ṣe ń yọ lójú kọ̀ǹpútà níkọ̀ọ̀kan, funfun, bí àtẹ̀gùn kékeré. Ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n nìyẹn.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. "Egungun Mọ́mì ti fúyẹ́, inú rẹ̀ ti ń ṣófo bíi kànrìnkàn. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn tiẹ̀ ti rún wálẹ̀ díẹ̀, òun ló jẹ́ kí wọ́n kúrú. Àmọ́ ìbàdí wọn ò tíì kán, oògùn sì wà." Ó kọjú sí ọmọ. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ọmọ ọdún mélòó lẹ wà nígbà tí nǹkan oṣù yín dáwọ́ dúró?"

"Mẹ́tàlélógójì."

"Ìyẹn ti yá jù, ó sì máa ń jẹ́ kí egungun tètè fúyẹ́. Ìyá yín rèé, ẹ sì ti sọ fún mi bí ìbàdí ìyá wọn ṣe kán, orí ìjókòó lẹ sì ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ gorí bẹ́ẹ̀dì."

"Èmi kẹ̀? Màámi ni mo mú wá!"

"Gòkè jàre," màmá ní. "Ṣebí ìwọ lo ní kì í dunni."

Egungun ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, àmọ́ kò tíì burú dé ibi tí yóò lo oògùn. Wọ́n ní kó máa rìn, kó máa gbé nǹkan tó wúwo díẹ̀, kó máa mu wàrà, kó sì máa jẹ ẹja kéékèèké teegunteegun.

Nínú mọ́tò, ọmọ ń ka ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ léraléra. Màmá gbọ́wọ́ lé e lórúnkún.

"Má fajú ro. Wọ́n rí i kó tó ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ìyá tèmi, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni màmá ti di ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń lo oògùn tirẹ̀, láàárọ̀, pẹ̀lú omi kún ife, kò sì gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Á wá tẹ ọmọ láago: "Mo ti gbé e mì o. Bá mi sọ̀rọ̀ kí n má baà sùn lọ." Wọ́n jà lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ilé màmá tí ọmọ ká kúrò kó má baà kọ́ màmá lẹ́sẹ̀. Ọmọ ló borí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, màmá á ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bàtà ìrìn, wọ́n á jọ gun òkè dé ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ̀rọ ìránṣọ tó dún rárá.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n padà lọ yẹ egungun wò. Iye tó ń fi bí egungun màmá ṣe le tó hàn ti lé díẹ̀. Ti ọmọ dúró síbi tó wà, kò dín.

"Ṣé o gbọ́?" màmá ní. "Tèmi lé!"

"Màámi, a ò bára wa díje o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọjá lára ẹ̀rọ agbéniròkè láìwò ó, ó di irin àtẹ̀gùn mú dáadáa, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi imú kọrin.