Ẹ́ńjìnì Tí Tọ́ńtọ̀n Léopold Jókòó Lé

Ẹ súnmọ́ ibí o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lọ́hùn-ún, ẹ wá wá ibi jókòó. Ẹni tó ń jẹun kó máa jẹ ẹ́ lọ, àmọ́ kó má jẹ́ kí ariwo ẹnu rẹ̀ dí etí rẹ̀. Ẹ pa rédíò yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ò gùn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi etí kan gbọ́ ọ, ẹ máa ní irọ́ ni èmi Sọ̀fíyàt ń pa.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí Tọ́ńtọ̀n Léopold; Tọ́ńtọ̀n là ń pe àgbà ọkùnrin níbí. Ọmọ Agudà ni, Fidjrossè ní Cotonou ló ń gbé, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Òun ni bàbá Mélissa, ọ̀rẹ́ mi. Tọ́ńtọ̀n ní ọkọ̀ kan, Adlerhof, ọkọ̀ Jámánì, tó ní idì aláwọ̀ wúrà níwájú. Gbogbo ọ̀sán Sátidé, á gbé e síwájú géètì, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á mú aṣọ funfun, á máa nu ẹ́ńjìnì. Rárá o, mo ṣì í sọ. Kì í ṣe ẹ́ńjìnì ló ń nù. Ìdérí dúdú tí wọ́n fi bo ẹ́ńjìnì, èyí tí wọ́n ya idì sí, òun ló ń nù. Tí àlejò bá dé, kó tó fún un lómi mu, á kọ́kọ́ mú un lọ wo idì.

"Ṣé o rí i? Dísẹ̀lì kékeré ni, kò mu epo. Èmi á kú, òun ò ní kú. Jámánì ni!"

Ọ́ìlì ńkọ́? Bàbá mi, Yísà, tó ní gáráàjì ní Akpakpa, kò yé bẹ̀ ẹ́: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ṣe fidánjì. Ká da ọ́ìlì tó ti dọ̀tí yìí nù, ká rọ tuntun sí i."

"Yísà, ọkọ̀ pálapàla ti bà ọ́ lójú jẹ́. Ìwé tó bá ọkọ̀ mi wá ní ó dìgbà tó bá rin ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n kìlómítà."

"Ọ̀gá, ẹni tó kọ ìwé yẹn ò tíì wakọ̀ nínú iyanrìn Fidjrossè rí."

Tọ́ńtọ̀n á rẹ́rìn-ín, á sì lọ.

Ó wá ku Adélékan. Ọmọ Kétu ni, búrẹ́dì ló ń gbé fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù káàkiri Cotonou, nínú ọkọ̀ ẹrù kékeré kan, irú èyí tó ń jẹ́ Timo. Timo yẹn ò lẹ́wà o! Rọ́bà ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àmọ́ bí oṣù bá ti parí, Adélékan ti dé gáráàjì wa fún fidánjì, á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ náà sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òun àti Mélissa fẹ́ràn ara wọn débi pé tí wọ́n bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, èmi ni ojú máa ń tì.

Ni àwọn ará Kétu bá wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n wá tọrọ Mélissa. Inú Timo ni wọ́n gbà wá. Inú pálọ̀ ni Tọ́ńtọ̀n wà tó fi pariwo: "Ta ló gbé ẹ̀rọ ìlọta wá síwájú ilé mi?"

Wọ́n kí i, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé èso kalẹ̀. Kò wo èso. Ó kó gbogbo wọn lọ sídìí Adlerhof, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọwọ́ lé orí idì.

"Ẹ gbọ́ o! Ọjọ́ tí ọmọkùnrin yìí bá gbé ọkọ̀ tó ní irú ẹ́ńjìnì tèmi yìí wá síwájú géètì yìí, ọjọ́ náà ni màá fún un ní Mélissa. Mo fi Màríà Wúńdíá búra!"

Tántì Irène, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wà níbẹ̀ tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Obìnrin yẹn kì í gbàgbé nǹkan. Ó gbójú sókè. "Léopold, mo gbọ́ o."

"Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi!"

Kẹ́ ẹ lè mọ̀, Bertrand kan ti wà tí Tọ́ńtọ̀n ń fojú sí lára fún Mélissa, torí pé òun náà ní Adlerhof. Ká sòótọ́, mi ò mọ nǹkan mìíràn tí Bertrand ní.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, Tọ́ńtọ̀n ń kọjá lórí afárá lọ sí Akpakpa ni ẹ́ńjìnì Jámánì bá bẹ̀rẹ̀: kọ́-kọ́-kọ́-kọ́. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zẹ́mì ń bú u lọ́tùn-ún lósì. Ta ló dúró ràn án lọ́wọ́? Adélékan ni. Ó so okùn mọ́ Timo, ó ń wọ́ Adlerhof lọ sí gáráàjì wa. Ṣé ẹ mọ ohun tí Tọ́ńtọ̀n sọ? "Jẹ́ kí okùn yẹn gùn dáadáa, kí wọ́n má baà rò pé a jọ ń lọ."

Bàbá mi tú ọ́ìlì. Kò ṣàn. Ó ń bọ́ lẹ́kìrí lẹ́kìrí bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń tẹ́ títì. Bẹ́ríǹ ti jẹ tán, ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Nígbà tí Tọ́ńtọ̀n gun zẹ́mì lọ sílé, Bàbá yọ ìdérí onídì, ó gbé e sílẹ̀. Timo Adélékan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì òun náà wà ní ṣíṣí. Mo wo ìhín, mo wo ọ̀hún. Ìbejì ni! Irin kan náà, páìpù kan náà, kódà ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, orí ẹ̀ pupa ní ibí, ó pupa ní ọ̀hún.

"Bàbá! Ẹ́ńjìnì kan náà ni!"

"Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Àwọn tó ni Timo àti àwọn tó ni Adlerhof jọ pawọ́ pọ̀ ṣe é ni. Adlerhof gbé idì lé e lórí, Timo ò gbé nǹkan kan lé e. Pa ẹnu ẹ mọ́."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Torí pé idì yẹn ló rán ẹ lọ sí iléèwé."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti rí ẹ́ńjìnì tòkúnbọ̀ kan rà, wọ́n yọ ọ́ lára Timo kan tó gbókìtì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà ní gáráàjì, a ta tapólì bò ó. Tá a bá fẹ́, Adlerhof ì bá ti máa rìn lọ́jọ́rú. Àmọ́ iṣẹ́ Bàbá mi ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó bá yá, olówó Adlerhof kì í gbà á. Ó gbọ́dọ̀ ti Jámánì bọ̀, nínú ọkọ̀ ojú omi, fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó Jámánì ni wọ́n á sì san lé e.

Ni Tọ́ńtọ̀n bá ń gun zẹ́mì wá wò wá. Ibo ló sì máa ń jókòó sí? Orí tapólì náà!

"Yísà, ọkọ̀ ojú omi yẹn ti dé ibo?"

"Ó ti kúrò ní Hamburg, Ọ̀gá."

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà: "Yísà, ibo ló dé?"

"Ó dé Dakar, Ọ̀gá."

"Kí ló ń wá ní Dakar?"

"Wọ́n ń já ìrẹsì."

Tọ́ńtọ̀n á mí kanlẹ̀, á fi ọwọ́ gbá ohun tó jókòó lé, gbì gbì gbì. "Ohun tó dáa kì í yá, Yísà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ẹ rọra, ẹ má fi nǹkan gún ara yín."

Èmi á sá lọ sẹ́yìn ilé lọ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín yẹn tán lọ́jọ́ tí Mélissa wá bá mi tó ń sunkún. "Sọ̀fí, Papá ní ọjọ́ tí ọkọ̀ òun bá dé ni àwọn ará ilé Bertrand máa wá, òun á sì fún wọn lésì. Mo gbé."

Ìbúra Tọ́ńtọ̀n lórí ẹ́ńjìnì bá sọ sí mi lọ́kàn. Tí mo bá sọ ohun tí mo mọ̀, mo da iyanrìn sí gààrí Bàbá mi. Tí mi ò bá sọ, ọ̀rẹ́ mi á lọ fẹ́ ìdérí ọkọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé e mì. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bá Tántì Irène, mo tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ìbéèrè kan péré ló bi mí.

"Ìdérí yẹn, ṣé ó máa wọ ti oníbúrẹ́dì?"

"Tántì, mi ò mọ̀."

"A máa mọ̀."

Ọjọ́ pé. Adlerhof wà níwájú géètì, ó ń dán. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, èmi náà tẹ̀ lé e. Àwọn ará ilé Bertrand ti jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni Timo ń bọ̀, ta-ta-ta-ta.

"Ta ló pe ẹ̀rọ ìlọta yìí?"

"Èmi ni," ni Tántì Irène wí. "Àlejò ò ní jẹ búrẹ́dì ni? Léopold, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fi idì han àwọn èèyàn."

Inú Tọ́ńtọ̀n dùn, ó ṣí i. Tántì na ọwọ́, ó fa ìdérí yọ, wọ̀ọ̀! Ó gbá a mọ́ abẹ́ apá bí ẹni gbé ọpọ́n, ó lọ sídìí Timo tí Adélékan ti ṣí, ó gbé e lé e. Gbà! Ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rin wọ ibi mẹ́rin.

Bàbá mi wò mí. Mo wo iyanrìn.

"Léopold, ṣé ẹ́ńjìnì ọmọ yìí dà bíi tìẹ, àbí kò dà bíi tìẹ?"

Tọ́ńtọ̀n wo Timo tó ní idì. Ó wo Adlerhof tó wà níhòòhò. "Olè!" ló pariwo. "Àwọn ará Timo ti jí ẹ́ńjìnì wa!"

"Wọn ì báà jí i, wọn ì báà rà á. Ṣé ó jọ ọ́?"

"...Ó jọ ọ́."

"O fi Màríà búra."

Tọ́ńtọ̀n kọjú sí Adélékan. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kìlómítà mélòó nìyẹn ti rìn?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó, Papá. Ó lé díẹ̀."

"Ẹ́ńjìnì kan náà?"

"A ò tíì pààrọ̀ ẹ̀ rí, Papá."

Tọ́ńtọ̀n ka àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Tèmi kú ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án," ló sọ, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. Bertrand ti dìde ní tiẹ̀, ó ti lọ yọ ọ̀pá ọ́ìlì ọkọ̀ ẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n ṣègbéyàwó lóṣù tó kọjá. Tọ́ńtọ̀n ti ń sọ káàkiri Fidjrossè pé Adlerhof ni àna òun ń wà, pé ìrẹ̀lẹ̀ ló jẹ́ kó máa pè é ní Timo. Idì sì ń dán síbẹ̀. Fidánjì? Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá mi ńkọ́? Kò sí oní-Adlerhof kan ní Cotonou tó tún fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní, "Yísà, fún mi ní ti Timo, mo fẹ́ ẹ lónìí, ní iye tí wọ́n ń tà á fún oníbúrẹ́dì." Tí mo bá kúnlẹ̀ kí Bàbá láàárọ̀, á ní, "Lọ kí wọn ní Dakar."

Mo mú ọ̀rẹ́ mi délé ọkọ, mo sì ri ọkọ̀ ojú omi Bàbá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí Tọ́ńtọ̀n Léopold jókòó lé, kí lẹ̀ bá ṣe?