Owó Tí Gàgàrà Ń Fi Ránṣẹ́

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì," ni Ìyá Aránṣọ wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára abẹ́rẹ́ tó ń ki òwú bọ̀. "Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iye tí Gàgàrà ọmọ mi ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù nìyẹn."

Akọ̀wé, obìnrin tí ọ́fíìsì rán wá kọ owó tó ń wọlé fún ará oko, ò kọ nǹkan kan. Ó ṣí ìwé èṣí, ó ṣí ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ó ń ṣí i lọ títí ó fi kan ti ọdún kìíní. Iye kan náà ni. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko!

"Ìyá, ẹ má bínú o. Owó ẹ̀ ò lọ sókè rí, kò sì wálẹ̀ rí?"

"Ọmọ tó dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni." Ìyá rẹ́rìn-ín. "Àbí owó oṣù tìẹ máa ń jó ijó ni?"

Akọ̀wé náà ì bá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ò jẹ́. Lọ́dọọdún, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yí ilé mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ká ní àgbègbè àwọn àgbẹ̀ yìí, kó béèrè iye tó ń wọlé fún wọn, kó wá tò wọ́n láti orí ilé tí tirẹ̀ kéré jù dé orí èyí tí tirẹ̀ pọ̀ jù. Ilé tó bá bọ́ sí àárín gan-an, iye tirẹ̀ ni ọ́fíìsì fi ń mọ bí ará oko ṣe ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń mu. Láti ọdún mẹ́sàn-án, iye àárín yìí ò mì. Òjò kọ̀, ọjà gbówó lórí, ilé-iṣẹ́ tó ń ra àgbàdo wọn kógbá wọlé. Iye àárín ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Ni ọ̀gá bá pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé: "Ṣé o ń lọ síbẹ̀ ṣá, àbí ilé lo ti ń jókòó kọ ọ́? Lọ wádìí ẹ̀ kó o tó fún mi lésì."

"Ìyá," ó rọra wí, "ìgbà wo ni Gàgàrà fowó ránṣẹ́ gbẹ̀yìn?"

Abẹ́rẹ́ dúró. Ìyá wo férémù ilẹ̀kùn, níbi tí olóògbé ọkọ rẹ̀ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bí ọmọ náà ṣe ń ga sí i.

"Oṣù méjì àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, mi ò gbóhùn ẹ̀ mọ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń..."

"Ìwọ lo kọ́ mi!" Ìyá ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ọdún tó o kọ́kọ́ wá, ìwọ lo ní ẹni tó bá ti kúrò nílé ju oṣù mẹ́fà lọ, tí kò fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ máa yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lára ará ilé. Ṣé kí n wá fẹnu ara mi yọ ọmọ mi kúrò nílé bàbá ẹ̀? Ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí? Àárò ẹ̀ ń sọ mí, Akọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún péré lẹnì kan ń jókòó bi mí nípa Gàgàrà, ìwọ náà ni. O wá fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ mi."

Akọ̀wé tún ṣí ìwé rẹ̀. Ilé bí ọgbọ̀n ni iye wọn ò yí padà nínú rẹ̀, àwọn gan-an ló sì kún àárín. Ó mọ ọ̀kan nínú wọn ju ìyókù lọ, torí ilé tirẹ̀ ni. Àgbègbè yìí lòun náà ń gbé, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wà láàárín ìyókù, kò sì sẹ́ni tí í yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún mẹ́rin rèé tó ti ń kọ owó ọkọ rẹ̀ síbẹ̀, owó tí kò fojú kàn.

"Ẹ jẹ́ ká kọ òdo síbi owó, mà," ó ní. "Orúkọ ẹ̀, màá fi sílẹ̀."

"Òfin ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Ọ̀gá mi kọ́ ló bá yín bí i."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ọkọ tìẹ náà ńkọ́? Ṣé yóò wálé lọ́dún yìí?"

Akọ̀wé máa ń ní ó ń bọ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lè sọ ọ́. "Mi ò mọ̀, mà."

Nígbà tó délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò bọ́ bàtà tó fi jókòó sídìí tábìlì, tó fa fọ́ọ̀mù tirẹ̀ yọ. Ọkọ rẹ̀ kò sọ nù o. Ó ń gbé fóònù, á ní òun ń wakọ̀, òun á pè é padà. Lóṣù tó kọjá, ọmọdé kan ń pe ọkùnrin náà ní dádì létí fóònù, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ò bímọ. Síbẹ̀, obìnrin yìí ṣì ń fẹ́ ẹ. Bí bàtà bá dún lóde, ọkàn rẹ̀ ṣì ń sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn.

Ó kọ òdo síbi owó. Bírò dúró lórí orúkọ náà fún ìgbà pípẹ́. Ìyá Aránṣọ ò lè tọwọ́ ara ẹ̀ yọ ọmọ, ìyẹn yé e, àmọ́ ọkọ kì í ṣe ọmọ. Ó gbé rúlà, torí ọ́fíìsì ò fẹ́ ìlà wọ́gọwọ̀gọ, ó sì fa ìlà kan la orúkọ ọkọ rẹ̀ já. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ẹni tó ń gbé ilé, ó kọ ọ̀kan.