Ohun Tí Metro Ń Nawọ́ Sí

Ní ìlú kékeré tí Lorna Hrynchuk ń gbé ní Saskatchewan, ní Kánádà, bí èèyàn bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sílẹ̀ níwájú ilé, ìpàdé ló pè yẹn. Kò ní pẹ́ tí àwọn ọkùnrin àdúgbò á fi máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ife kọfí lọ́wọ́, wọ́n á tẹrí wo ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì máa sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ Lorna ti kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló ti gbà gbọ́. Gordie, aládùúgbò rẹ̀, ní bátìrì ni. Lorna ra bátìrì tuntun. Ẹlòmíì ní sítátà ni. Ó pààrọ̀ sítátà. Ẹlòmíì tún ní ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná ni. Ó wá àlòkù rẹ̀ rà. Síbẹ̀, bó bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á ní "kát," iná iwájú á ṣú, ó parí.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Metro, ọkọ rẹ̀, fi tún ọkọ̀ yìí ṣe fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án. Àmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wólẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì há sí i lọ́fun. Gbogbo ohun tó mọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ pérépéré, ẹnu ni kò gbé e jáde mọ́. Obìnrin kan ní ìlú ńlá Saskatoon ló ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ ti dá wọn dúró sílé. Wọ́n sì ti fóònù Lorna pé bí wọn ò bá tún wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíì làwọn máa fi sí àyè Metro, nítorí àwọn tó ń dúró pọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀hún rèé. Aago mẹ́jọ ti kọjá, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń retí wọn. Lorna gbé àga fún Metro kó jókòó ní ẹnu ọ̀nà, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó sì lọ yí kọ́kọ́rọ́. Kát.

"Kọ̀mpútà inú ọkọ̀ ni," Gordie sọ. Ó ti dé kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí tán.

"Ṣebí ìwọ náà lo ní bátìrì ni."

"Ọ̀tọ̀ ni bátìrì, ọ̀tọ̀ ni kọ̀mpútà. Pe àwọn tó ń ra irin kí wọ́n wá gbé e, Lorna. Òkú lò ń tọ́jú. Ká ní dókítà ò ní kí n má wakọ̀ mọ́ nítorí ojú mi ni, mi ò bá gbé yín lọ."

"Gordie, ṣé o ò níṣẹ́ kankan nílé ni?"

"Mo ti fẹ̀yìntì, arábìnrin. Iṣẹ́ mi nìyí."

Metro fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.

"Mo ti rí i, Metro," Lorna dáhùn láìwo ẹ̀yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tó nawọ́ bẹ́ẹ̀, Lorna ti yọ fìlà ìpẹja rẹ̀ fún un nínú búùtù. Ńṣe ni Metro jù ú sínú yìnyín. Lorna jókòó sórí irin iwájú ọkọ̀. "Ó rẹ̀ mí," ó sọ. "Ọlọ́run ń gbọ́, ó rẹ̀ mí dé eegun."

Nígbà tó gbójú sókè, ọwọ́ Metro ṣì wà níbi tó wà. Òtútù ń mú un, ó ń gbọ̀n, àmọ́ kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lorna rò ó pé ẹni tó ń wá fìlà kì í nawọ́ tó báyìí. Ó bá dìde, ó lọ ṣí búùtù, ó ń kó ẹrù inú rẹ̀ jáde níkọ̀ọ̀kan.

"Ṣọ́bìrì?"

Metro mirí.

"Àpò yanrìn?"

Ó tún mirí. Ìgbà tí Lorna gbé wáyà jọ́ńpà jáde, èyí tí gbogbo ará ibẹ̀ ń gbé kiri nígbà òtútù láti fi yá iná lára ọkọ̀ ẹlòmíì, Metro gbá itan rẹ̀ pàà.

Gordie bú sẹ́rìn-ín. "Jọ́ńpà kẹ̀? Bátìrì tuntun! Ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ yáná lára ẹ̀?"

Metro wò ó lójú kan tó pa ẹ̀rín náà. Ó fìka júwe fún Lorna: kó fi wáyà pupa sílẹ̀, dúdú nìkan ló fẹ́. Kó fi orí kan gbá orí dúdú bátìrì mú, kó fi orí kejì gbá irin ẹ́ńjìnnì gan-an mú. Lorna ṣe bẹ́ẹ̀, ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ dún. Ó dún, kò sì kú.

Gordie wá wáyà tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì rí, ó fìka tẹ ara rẹ̀. Rọ́bà òde dán, ṣùgbọ́n èérún aláwọ̀ ewé ló ń dà jáde nínú rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ ẹ́ tán. Ó lọ gé irú rẹ̀ lára ọkọ̀ kan tó ti kú tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó fi sípánà dè é, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó ní abọ́ pẹ̀rógì kan, oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fi ọ̀dùnkún sínú, tó fóun lówó iṣẹ́.

Kí wọ́n tó gbéra, Lorna bi ọkọ rẹ̀ pé, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Metro na ìka mẹ́ta sókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an nìyẹn, kí Lorna tó ra bátìrì, kó tó ra ohunkóhun. Ojú tì í débi pé kò lè wo ọkùnrin náà.

Wọ́n ti jáde nílùú nígbà tí Metro bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan. Láti oṣù kẹsàn-án, Lorna ló máa ń bá a parí ọ̀rọ̀, nítorí àárẹ̀ ò jẹ́ kó lè dúró dè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi eyín di ètè mú. Wọ́n kọjá ilé gíga tí wọ́n ń kó àlìkámà sí, wọ́n kọjá oko mẹ́ta, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí afárá.

"Ebi," Metro sọ. Ó mí kanlẹ̀. "Ń... pa mí."

Lorna ò fún un lóúnjẹ àárọ̀. Nítorí ọkọ̀, kò tilẹ̀ rántí. Ó yà sí ilé epo, ó sáré ra búrẹ́dì ẹlẹ́yin, kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó fi èyí tó kọ́kọ́ gé sí i lẹ́nu.

"Kí lo tún ti ń fẹ́ sọ fún mi tí mi ò gbọ́?"

Metro ń jẹun lọ. Ó na ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ márààrún sókè, ó wò wọ́n, ó sì mirí pé wọn ò tó.