Ilẹ̀dú Ẹ̀yìn Ògiri

Èmi Sùlíyá, ẹnu mi yìí ni kì í jẹ́ kí n gbọ́ràn. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní àdúgbò wa, láti ojú irin títí dé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko Ọba, ló mọ̀ pé tí mo bá ti ní "mo mọ̀ ọ́n", ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo sì mọ nǹkan lóòótọ́. Bàbá mi dáko l'Ógbómọ̀ṣọ́ títí wọ́n fi kú, èmi ni mo máa ń ru omi tẹ̀ lé wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀fọ́. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń ta mí lọ́jọ́ tí Bùsáyọ̀ dé.

Olúwabùsáyọ̀ ni orúkọ ẹ̀ gan-an. Ọmọ pólì ni, iṣẹ́ ọ̀gbìn ló ń kọ́, ọmọ tí mo lè bí ìyá ẹ̀. Ó lọ bá lèmọ́mù wa sọ̀rọ̀, wọ́n sì yọ̀ǹda ilẹ̀ gbọọrọ kan fún un láàárín ojú irin àti ògiri ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan tí wọ́n ti pa tì tipẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń da ìdọ̀tí sí tẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí àwa obìnrin àdúgbò sọ ọ́ di ọgbà, ká yéé ra ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń bu omi gọ́tà rin, kí ọmọ wa máa jẹ ohun tí ojú wa tó. Ọ̀rọ̀ náà dùn, mi ò ní purọ́. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwa mẹ́sàn-án tó gbà láti bá a ṣe é.

Òfin kan ṣoṣo ló ṣe fún wa. Ó ní a ò gbọdọ̀ gbin nǹkan kan sínú ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra ẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ bu ilẹ̀ ibòmíràn kún un. Òkìtì tí òun fúnra òun ṣe nìkan ni ká lò. Ìgbẹ́ màlúù láti Oko Ọba ni, òun àti ìyẹ̀fun pákó láti ibi ẹ̀rọ ìlagi àti èèpo iṣu, ó sì ní láti jẹrà fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ó ní ilẹ̀ agbègbè ilé iṣẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn ń fojú lásán wò. Mo ní ta ló máa jókòó ti ìgbẹ́ màlúù fún oṣù mẹ́ta? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Inú mi ò gbà á.

Ògiri yẹn ya lápá kan. Mo gba ibẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan tí mo ń wá ewúrẹ́ mi, mo bá rí kòtò ńlá kan tí ilẹ̀ inú ẹ̀ dúdú kirikiri. Ó kúnná, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ilẹ̀dú ni. Ẹni tó bá dàgbà sóko nìkan ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe sí èèyàn nínú. Bàbá mi á bu ilẹ̀dú sọ́wọ́, wọ́n á fún un pọ̀, wọ́n á ní, "Sùlíyá, oúnjẹ rèé." Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti dé Èkó, yanrìn àti amọ̀ pupa ni mo ń rí. Mo bù ú, mo gbé e símú. Ó ń rùn bí ìṣó tó dípẹtà. Mo ní òjò ló fà á.

Ṣé ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe? Mo yá bárò, ìdájí méjì ni mo fi kó o, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Bárò méjìlá. Mo fi kún gbogbo ebè wa, mo wá bu òkìtì Bùsáyọ̀ díẹ̀díẹ̀ bò ó lórí kó má baà hàn. Nígbà tó dé, mo ní òkìtì ẹ̀ ti jẹrà ṣáájú àkókò, ìgbẹ́ màlúù Oko Ọba ò kí ń ṣeré. Ọmọ yẹn gbà mí gbọ́, ó tiẹ̀ yọ̀.

Ùgú wa, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Ewé kan fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin lọ. Àwọn èèyàn ń ti Àgídìngbì wá wò ó, àwọn olùkọ́ Bùsáyọ̀ wá ya fọ́tò. Ó dúró láàárín wọn, ó ń sọ bí òun ṣe po òkìtì, èmi dúró lẹ́yìn, mo ń rẹ́rìn-ín nínú. Mo ní kí wọ́n máa yin ìgbẹ́, mo mọ ẹni tó ṣe é.

Ameenat ló máa ń bá mi lọ sí ọgbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ọmọ Afeez àkọ́bí mi, tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, àti Uswat ìyàwó ẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń gbé. Ọmọ náà lẹ́nu bíi tèmi. Á jókòó sórí ebè, á bu ilẹ̀ sínú ife, á ní òun ń se ẹ̀bà, á tọ́ ọ wò, á ní iyọ̀ kù. A máa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, Bùsáyọ̀ ní kí n bá òun bu ilẹ̀ láti ebè mẹ́ta sínú láílọ́ọ̀nù mẹ́ta, pé wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwé wọn. Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á rí i pé mo da ilẹ̀ mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, ojú á tì mí lójú àwọn obìnrin tí mo jẹ́ olórí fún. Mo lọ sídìí òkìtì Bùsáyọ̀ fúnra ẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo bu mẹ́ta níbẹ̀, mo so ó, mo fún un. Òkìtì ẹ̀ ni mo dá padà fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé pé ilẹ̀ wa mọ́ tónítóní. Bùsáyọ̀ lẹ ẹ̀dà ìwé èsì náà kan mọ́ ara ilẹ̀kùn mọ́sálásí kí gbogbo ayé lè rí i.

Àárẹ̀ Ameenat kò bẹ̀rẹ̀ lójijì. Inú ló ń run ún, kì í yàgbẹ́ dáadáa. Ó wá di pé kì í fẹ́ ṣeré mọ́, ó ń sùn lọ́sàn-án, ojú ẹ̀ funfun. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀. Ní àdúgbò wa, tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ò bá tó, omi ùgú ni. A ó fọ ewé, a ó fọwọ́ fún un ní tútù, a ó sẹ́ ẹ, a ó bu mílíìkì lé e. Kò sí ìyá tí kò mọ̀ ọ́n. Àràárọ̀ ni mo ń fún un. Bí mo ṣe ń fún un ni ojú ẹ̀ túbọ̀ ń funfun, tí mo sì ń fi ewé kún ewé.

Ìgbà tó di pé ó ń gbàgbé orúkọ nǹkan ni a gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà, obìnrin kékeré kan, gba ẹ̀jẹ̀, ó ní ká padà wá. Ọjọ́ tí a padà, ó ní òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Òjé, irú èyí tí àwọn apẹja máa ń so mọ́ àwọ̀n. Ó ní ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, á wá gòkè lọ sí ọpọlọ. Ó béèrè ọ̀dà ògiri, ó béèrè ìkòkò, ó béèrè ilẹ̀ tí ọmọ ń ṣeré lórí ẹ̀. Uswat ní ọgbà ló ti ń ṣeré, àmọ́ àwọn ará pólì ti yẹ ilẹ̀ ọgbà wò, ó mọ́. Dókítà wo ojú mi. Ọ̀rọ̀ láílọ́ọ̀nù yẹn dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá béèrè tìróò. Uswat ní òun máa ń lé e fún un. Dókítà ní tìróò mìíràn wà tó jẹ́ pé òjé ni wọ́n fi ṣe é.

Mo dojú kọ ìyàwó ọmọ mi níbẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní ó ti fi oge pa ọmọ ọlọ́mọ. Èmi tí mo kọ́kọ́ lé tìróò sí ọmọ náà lójú lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Láti ọjọ́ náà ni Afeez kò ti bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Uswat da tìróò nù, ó fọ ojú ọmọ náà títí ojú fi pọ́n. Dókítà ní oògùn tó ń fa òjé jáde kò sí nílẹ̀, wọ́n ti ránṣẹ́ sí i, kí a mú ọmọ lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́wàá, ká máa fún un ní oúnjẹ tó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́.

Ọjọ́ Àlàmísì, mo ní ùgú tó wà nílẹ̀ ò ní tó ọmọ náà, kí n kọ ebè tuntun. Mo ti bárò gba ibi tí ògiri ti ya wọlé. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀ lórí àga. Bàbá Dàwódù lorúkọ wọn; àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà ti ta ilẹ̀ ibẹ̀, ẹni tó rà á ló ní kí bàbá náà máa ṣọ́ ọ. Wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe. Mo ní ùgú ni mo fẹ́ gbìn. Wọ́n dìde lórí àga.

"Ìyá, bátìrì mọ́tò ni a ń fọ́ níbí tẹ́lẹ̀. Mo bá wọn ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Omi inú ẹ̀ àti eérú òjé, inú kòtò yẹn la ń dà á sí. Òun ló ṣe dú bẹ́ẹ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mo fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ bí mo ṣe wọlé, Uswat wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Afeez, ó ń tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tìróò. Mo wo ọmọkùnrin mi, mo wo ojú tó fi ń wo ìyàwó ẹ̀, mo rí i pé èmi ni ojú yẹn máa kàn. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́. Ohun tí mo rí sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má já ùgú mọ́, pé kòkòrò ti mú un. Uswat ní, "Ẹ ṣé, màámi."

Kò gbà mí gbọ́. Ó rò pé mo fẹ́ fi ùgú du òun ni nítorí ìbínú tìróò. Ó lọ já a fúnra ẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí a ti kírun tán, mo rí ewé ùgú tí wọ́n ti fún omi ẹ̀ tán nínú garawa ìdọ̀tí, ó ṣì tutù. Mo ní kí ara Afeez kọ́kọ́ rọlẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè màá sọ ọ́.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni gìrì gbé ọmọ náà. Kẹ̀kẹ́ márúwá la fi gbé e dé ọsibítù, orí ń gbọ̀n ní àyà ìyá ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Mọ́ńdè, dókítà pè wá sínú yàrá. Ameenat wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó la ojú, àmọ́ ojú náà kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Dókítà ní òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti lé sí i, bẹ́ẹ̀ tìróò sì ti kúrò nílẹ̀. Ó ní gìrì yẹn ti ba ọpọlọ jẹ́, òun ò lè sọ pé á padà sọ̀rọ̀. Ó ní kí ló ń jẹ? Uswat ní ùgú ni. Bùsáyọ̀ ti gbọ́, ó ti sáré wá, ó ń sunkún, ó tú ìwé èsì sílẹ̀ lórí tábìlì pé kò lè jẹ́ ùgú, ẹ wò ó, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ó wò mí pé kí n gbè é lẹ́sẹ̀. Mi ò lè gbé e mì mọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ kòtò, mo sọ bárò méjìlá, mo sọ láílọ́ọ̀nù mẹ́ta, mo sọ Bàbá Dàwódù. Bùsáyọ̀ ká ìwé ẹ̀, ó sì jáde lọ. Afeez kọjú sí ògiri. Mo kúnlẹ̀ fún Uswat, èmi ìyá ọkọ ẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Màámi," ó ní, "ọjọ́ wo lẹ mọ̀?"

Mo ní Àlàmísì.

Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní, "Ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fún un. Sátidé, ẹ̀ẹ̀mẹta. Sọ́ńdè, ọwọ́ mi ò tó ife, ẹ̀yin lẹ gbé e fún mi."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo gbé e fún un. Mo tiẹ̀ bá a fi ṣíbí po mílíìkì náà pọ̀.