Ìgò Kékeré Tí Ìmọ́lẹ̀ Bà Jẹ́

Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pe obìnrin náà, nítorí òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹlòmíì á ṣì máa dijú de abẹ́rẹ́, òun á ti máa tẹ òwú mọ́ ọn lápá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn náà, ẹni tí àìsàn kì í jẹ́ kó rímú mí: ikọ́ lónìí, ibà lọ́la, etí dídùn lọ́tùúnla.

Dókítà tó ni ìwádìí náà gbà pé purotéènì kan wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé ẹni tí tirẹ̀ ò bá tó ni àìsàn máa ń ṣe bó ṣe wù ú. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní áńtíbọ́dì ni wọ́n fi ń wá a, nínú ìgò tí kò ju ọmọ ìka lọ. Áńtíbọ́dì yìí ò mọ nǹkan mìíràn dì mú àfi purotéènì yẹn, wọ́n sì ti so aró tó ń tàn mọ́ ọn. Wọ́n á kán an sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á tan iná sí sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ní purotéènì náà á dán yinrin, kọ̀ǹpútà á sì kà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sí èyí tó dán.

"Kò sí lára ẹnikẹ́ni nínú ogún èèyàn," Dókítà wí, ó mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́ Ẹtì, màá kọ̀wé pé a ti dá iṣẹ́ yìí dúró."

Nígbà tí Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ délé, àbúrò rẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti rí i?"

"Wọn ò tíì rí i."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò ṣe mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó kù lára mi ò tó èyí tí màá máa pín kiri."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì níbi iṣẹ́, Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ bá obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbi tó ti ń nu fíríìjì tuntun tí ìgò áńtíbọ́dì náà wà nínú rẹ̀, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì.

"Fíríìjì yìí mà dùn ún nù o, Àǹtí. Oòrùn ojú fèrèsé máa ń wọnú ẹ̀ débi pé mo lè ka ohun tó wà lára ìgò láì tanná."

Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ dúró sójú kan. Aró tó ń tàn kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Tó bá pẹ́ nínú rẹ̀, ṣe ló máa ń kú. Àmọ́ Dókítà fúnra rẹ̀ ló yan fíríìjì náà, ó sì fi ń yangàn. Ó tó ìdajì wákàtí kí ó tó lè kan ilẹ̀kùn Dókítà, kó sì sọ fún un pé fíríìjì tuntun náà ló ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

"Ṣé kò tutù ni?" Dókítà fa ojú ro.

"Ó tutù dáadáa, sà. Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ tèmi dán an wò. Mi ò rántí ìgbà tí mo ṣàìsàn kẹ́yìn. Bí tèmi náà ò bá dán, a jẹ́ pé ìgò yẹn ló lẹ́bi."

Dókítà fúnra rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gún un kó tó rí iṣan.

"Ẹ rọra, Dókítà. Apá ni, kì í ṣe kànga lẹ ń gbẹ́."

Ìgò áńtíbọ́dì kejì, èyí tí wọn ò tíì ṣí, ṣì wà nínú páálí rẹ̀, nínú fíríìjì àtijọ́ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n pín ẹ̀jẹ̀ náà sí méjì. Wọ́n kán áńtíbọ́dì inú fíríìjì gíláàsì sí ọ̀kan, wọ́n kán ti inú páálí sí èkejì. Èyí àkọ́kọ́ ṣókùnkùn biribiri. Nígbà tí èkejì bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, àmì wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ya wìì bí èèrà tó rí ṣúgà.

Dókítà gbá orí ara rẹ̀ mú.

"Fíríìjì tí mo fọwọ́ ara mi yàn! Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe gbogbo wọn padà."

Àbúrò Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ ló ṣòroó bẹ̀ jù. Nígbà tó rí bí apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe dúdú níbi tí Dókítà gún, ló tó gbà.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Dókítà ní kí àbúrò jókòó. "Purotéènì náà wà lára sẹ́ẹ̀lì yín, ṣùgbọ́n ó kéré púpọ̀. Nínú ogún èèyàn, ẹ̀yin mẹ́fà lẹ rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ìyẹn dáa?"

"Mi ò lè ṣèlérí ìwòsàn. Àmọ́ a ti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀."

Omi bọ́ lójú àbúrò. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé mi ò mọ ara mi tọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ o, kì í ṣe ẹjọ́ mi!"

"Mo gbọ́," Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ dáhùn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àbúrò nu ojú, ó wá yíjú sí Dókítà. "Ìgbà wo lẹ tún fẹ́ kí n wá?"